Èéfín iná igbó: ṣé ajílẹ̀ ni fún ohun ọ̀gbìn àbí ìyà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀gbìn, igbó ń jó níbì kan tó jìnnà sí wa, iná ọ̀hún ò dé sàkáání wa rárá, àmọ́ èéfín ẹ̀ ti bo ojú ọ̀run láti ọjọ́ 11 báyìí, oòrùn pọ́n yòò lọ́sàn-án gangan. Tòmátì tí mo gbìn sínú ìkòkò ò dàgbà mọ́, ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n, tòkè ń ká. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni èéfín. Ẹlòmíì ní kí n fà á tu kó tó kú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Ẹ má fa nǹkan kan tu o.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní ajílẹ̀ ni, mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ, kò purọ́ fún yín, àmọ́ eérú ló ń sọ, ó wá ń pè é ní èéfín. Eérú tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí iná kọjá ní potasíọ̀mù àti kálísíọ̀mù nínú lóòótọ́, òjò á gbé e wọlẹ̀, gbòǹgbò á rí nǹkan mu. Èyí tó ń lọ lókè yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Màjàlà wà níbẹ̀, èyí tójú ń rí tó ń fò wá bà lé ewé. Eruku tín-ń-tín wà níbẹ̀ tójú ò lè rí, ìyẹn lè rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó balẹ̀. Gáàsì oríṣiríṣi sì tún wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ la kàn ń pè ní èéfín.

Ohun tí mo ti rí nínú àríyànjiyàn yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni pé àwọn tó ń sọ pé èéfín dáa, kóró tó sùn sínú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, àwọn tó ń sọ pé kò dáa, ewé tó wà lórí igi ni wọ́n ń wò. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Tiyín, ewé ni, ó sì ti tó ọjọ́ 11, torí náà ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ìyà yẹn ṣì yàtọ̀ sí ikú.

* * *

Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí tó ní igi ń fa gáàsì kábọ́ọ̀nù, èéfín sì kún fún kábọ́ọ̀nù, ẹ ò rí i pé oúnjẹ ni. Ó dùn létí, èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá sẹ́nu ọ̀nà ò wúlò fún ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ewé ní àwọn ihò kéékèèké tó fi ń mí, abẹ́ ewé ni wọ́n pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù ń gbà wọlé tí omi sì ń gbà jáde, tí ihò yẹn bá ti pa, kí kábọ́ọ̀nù kún gbogbo ayé, ewé ò ní rí i fà.

Ẹ gbọ́ èyí. Ní 2020 àwọn olùwádìí láti Colorado State University, Mj Riches àti Delphine Farmer wà lára wọn, wà nínú igbó igi páìnì, wọ́n ń wọn òórùn tí ewé igi ń tú sáfẹ́fẹ́. Èéfín kọ́ ni wọ́n bá wá. Èéfín kan wá ya dé bá wọn lójijì, ó nípọn gan-an, wọ́n ò ṣíwọ́, wọ́n ń bá ìwọ̀n wọn lọ. Ewé páìnì tó rí bí abẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú yẹn, ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan mọ́ rárá, oúnjẹ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ sè ti já sí òdo, àfi bíi pé igi ń sé èémí ẹ̀. Wọ́n wá yí ooru àti ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ yẹn padà láti fi fipá ṣí ihò ewé, ni ewé bá ṣí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sè padà lójijì, òórùn tó ti há sínú ẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tẹ àbájáde ẹ̀ jáde ní 2024. Láti ìgbà tí mo ti kà á, mi ò tún lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé èéfín ń bọ́ igi.

Ẹ tún fi gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ósóònù kún un. Oòrùn ló máa ń pò ó látara àwọn gáàsì inú èéfín, bí èéfín ṣe ń rìn lọ, iná fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń tú u jáde. Tó bá gba ihò yẹn wọ inú ewé, ńṣe ló máa ń ba ewé jẹ́ látinú, ẹ máa rí i tí ojú ewé á ní tó-tò-tó kéékèèké. Ẹni tó bá ní "iná jìnnà, ewu ò sí", kò tíì ro ti ósóònù mọ́ ọn.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, mo gbà pẹ̀lú ẹni tó bá mi jiyàn pé èéfín lè jẹ́ kí ewé rí ìmọ́lẹ̀ lò dáadáa, dé ààyè kan.

Ó mú òkè ayọnáyèéfín Pinatubo wá, tó bú gbàmù ní Philippines ní 1991. Òótọ́ ni, eruku tó tú sókè ọ̀run bo gbogbo ayé, nígbà tí wọ́n sì wọn igbó Harvard Forest ní Massachusetts ní 1992, oúnjẹ tí igbó ń sè lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìkùukùu ò sí fi 23% lé sí ti tẹ́lẹ̀. Ìdí ni pé tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ewé òkè nìkan ló máa ń rí oòrùn, ó tiẹ̀ máa ń rí i ju bó ṣe lè lò ó lọ, tìsàlẹ̀ á wà nínú òjìji. Eruku ló wá fọ́n ìmọ́lẹ̀ yẹn káàkiri, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ewé ìsàlẹ̀ náà rí tiẹ̀. Ní àfonífojì àárín gbùngbùn Kalifọ́níà, ní 2018, wọ́n rí nǹkan tó jọ ọ́ lábẹ́ èéfín iná igbó, ewéko lo ìmọ́lẹ̀ tó rí dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn dé dúró. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, lórí igbó tí ewé ẹ̀ gùn lé ara wọn. Tó bá ti nípọn, ìmọ́lẹ̀ tó ń pàdánù á pọ̀ ju èyí tó ń fọ́n ká lọ, èrè yẹn á pòórá. Ọjọ́ tí oòrùn pọ́n débi pé èèyàn lè fi ojú lásán wò ó ti kọjá ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tòmátì mẹ́rin nínú ìkòkò kì í sì í ṣe igbó.

* * *

Ẹnìkan ní "tí èéfín bá ti lọ, gbogbo ẹ̀ á padà sípò, kí la wá ń dààmú sí". Mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lórí èyí, torí òun ló ń jẹ́ káwọn èèyàn fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí.

Fún tòmátì, bóyá. Fún igi tó ń pẹ́ láyé, rárá. Igi kì í jẹ gbogbo ohun tó bá sè tán lọ́jọ́ kan náà, ó máa ń tọ́jú ṣúgà àti ìyẹ̀fun pamọ́ sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò, pàápàá àwọn tó ń wọ́wé nígbà òtútù. Ohun tó fi pamọ́ yẹn ló máa fi la òtútù kọjá, òun náà ló máa fi yọ òdòdó lọ́dún tó ń bọ̀ nígbà tí kò tíì ní ewé kankan lórí. Ohun tó tọ́jú pamọ́ ló ń ná nígbà yẹn.

Ní 2020, iná jó ju mílíọ̀nù 4 éékà lọ ní Kalifọ́níà, èéfín sì bo àwọn oko álímọ́ńdì, pistáṣíò àti wọ́nọ́ọ̀tì tí iná ò fọwọ́ kàn rárá. Àwọn olùwádìí yunifásítì UC Davis ní Kalifọ́níà ti ń gba ẹ̀ka igi jọ láti ọ̀pọ̀ oko, 467 ni wọ́n, kí wọ́n lè máa wọn ṣúgà àti ìyẹ̀fun tó tọ́jú sínú ẹ̀. Wọ́n rí i pé èéfín yẹn mú kí ohun tí igi tọ́jú pamọ́ lọ sílẹ̀, àìtó yẹn ò sì tán títí di ìgbà tí òdòdó yọ lọ́dún kejì, èso sì dín kù láàárín 15% sí 50% láwọn oko kan. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó ń dúró sábẹ́ igi ẹ̀ lọ́dún kejì. Ojú ọ̀run mọ́, òjò ò burú, ewé tutù yọ̀yọ̀, igi ò kàn so dáadáa, kò sì sẹ́ni tó máa rántí èéfín ọdún tó kọjá. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, pé nǹkan tó ṣe igi á ti lọ kí ìyà ẹ̀ tó fojú hàn.

* * *

Ó yá, ká padà sórí ìkòkò.

Èmi náà ti jìyà èéfín rí, ọjọ́ 9 ni tèmi, ata àti tòmátì ni mo gbìn. Lọ́jọ́ karùn-ún mo mú aṣọ funfun tó rin díẹ̀, mo fi nu ewé tòmátì kan. Mo rò pé eruku lásán ni mo máa rí. Aṣọ yẹn di àwọ̀ eérú tó fẹ́ pọ́n, ó ń yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ bíi pé òróró wà nínú ẹ̀, òórùn iná sì wà lára ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ojú ibi tí mo nù yẹn ń dán, tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rí bàìbàì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ń lẹ̀ mọ́ ewé ni, kì í kàn kọjá.

Àríyànjiyàn wà lórí fífọ ewé. Àwọn kan ní ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, pé omi á sọ eérú di omi ọṣẹ tó ń jó ewé. Wọ́n rí òótọ́ níbì kan: omi díẹ̀ lórí eérú púpọ̀, ohun tó máa ṣe gan-an nìyẹn, ìrì òru nìkan tó bẹ́ẹ̀. Torí náà tí màjàlà àti eérú bá hàn lórí ewé, ẹ kọ́kọ́ rọra gbọn igi, kó já bọ́ ní gbígbẹ, lẹ́yìn náà ẹ wá da omi tó pọ̀ tó máa ṣàn kúrò. Wíwọ́n omi díẹ̀díẹ̀ bíi pé ẹ ń fi ìka ta á sí i, ìyẹn ni kò dáa. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ewé gbẹ kílẹ̀ tó ṣú, tórí ewé tó bá sun inú omi á ní ebu.

Ẹ fi ìka wọ inú ilẹ̀ ìkòkò kẹ́ ẹ tó bomi rin. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí ewé tó ń rọ, wọ́n á ní òǹgbẹ ni, wọ́n á wá fi omi pa gbòǹgbò. Ihò ewé ti pa, oòrùn ò sí, igi yín ò mu omi tó bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀.

Ajílẹ̀, ẹ gbé e tì ná. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo rí i pé wọn ò dàgbà, mo fún wọn ní ajílẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́rin etí ewé gbogbo ti gbẹ bí ìgbà tí wọ́n fi iná ràn án. Igi tí kò lè sè kò lè lo èròjà tí wọ́n kó fún un, iyọ̀ inú ajílẹ̀ yẹn á kàn jókòó sínú ilẹ̀ máa jó o. Ẹ má sì gé ewé kankan nísinsìnyí, ewé tó pọ́n díẹ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó béèrè bóyá ó lè jẹ èso ẹ̀: ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra á. Tó bá jẹ́ ilé àti mọ́tò ló jó mọ́ igbó yẹn, tí eérú ẹ̀ sì bà lé èso gan-an, èmi ò ní jẹ ẹ́. Èso àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì lọ́rọ̀ ẹ̀ le jù, torí fífọ̀ ò ràn án. Àwọn èròjà olóòórùn èéfín máa ń gba èèpo wọ inú ẹ̀, àjàrà á so wọ́n mọ́ ṣúgà, ẹ lè jẹ ẹ́ lórí igi kẹ́ ẹ má gbọ́ òórùn kankan, ìgbà tó bá ń kan di wáìnì ló máa tú u sílẹ̀, ìyókù á tú lẹ́nu ẹni tó ń mu ún, á dà bí ẹni lá eérú. Ní 2020, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àjàrà ní Napa, ní Kalifọ́níà, ló fi èso sílẹ̀ lórí igi láìká a.

* * *

Kóró wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ yín.

Ní Gúúsù Áfíríkà, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní fynbos, igi kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀, iná sì máa ń jó o láàárín ọdún 10 sí 30. Lẹ́yìn iná ni kóró máa ń hù wọ̀ọ̀. Ooru ni gbogbo èèyàn rò pé ó ń jí wọn. Ní 1990, àwọn olùwádìí méjì, de Lange àti Boucher, fi èéfín nìkan, láìsí iná, fín ilẹ̀ tí kóró igi kan tó ṣọ̀wọ́n wà nínú ẹ̀, Audouinia capitata lorúkọ ẹ̀, ó sì hù. Ó gba ọdún 14 kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú èéfín tó ń ṣe é, 2004 ni àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà yọ ọ́ sọ́tọ̀. Wọ́n ń pè é ní karrikin, látinú karrik, tó túmọ̀ sí èéfín lédè àwọn Noongar tó ni ilẹ̀ yẹn. Ewéko tó bá jó ló ń mú un wá, ìwọ̀n tó kéré jọjọ nínú omi ti tó jí kóró. Letúùsì àti tòmátì pàápàá máa ń gbọ́ ìpè ẹ̀, àwọn tí wọn ò bá iná gbé rí.

Gbogbo kóró kọ́ ló ń gbọ́ ìpè kan náà o. Òdòdó kan wà ní Kalifọ́níà, Emmenanthe, tí karrikin kọ́ ló ń jí i, gáàsì tí náítírójìn àti ọ́síjìn para pọ̀ di nínú èéfín ni, 1997 ni wọ́n rí ìyẹn.

Mo dán an wò nílé. Mo jó koríko gbígbẹ nínú agolo, mo darí èéfín ẹ̀ gba inú omi kọjá títí omi fi pọ́n. Mo pín kóró letúùsì sínú àwo mẹ́ta, mo tọ́jú wọn sínú òkùnkùn: omi lásán nínú àkọ́kọ́, omi èéfín tí mo là dáadáa nínú ìkejì, omi èéfín tó ki nínú ìkẹta. Lọ́jọ́ kẹta, díẹ̀ ló hù nínú omi lásán. Nínú èyí tí mo là, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló ti yọ ẹnu funfun síta. Inú èyí tó ki, kò sí ẹyọ kan. Mo ṣan wọ́n pẹ̀lú omi mímọ́, mo tún fi wọ́n sílẹ̀, díẹ̀ nínú wọn wá hù. Èròjà tó ń dí kóró lọ́wọ́ wà nínú èéfín bákan náà, tó bá pọ̀ òun ló ń borí. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ rẹ kóró sínú omi èéfín, kó là á dáadáa, kó má sì kọjá ọjọ́ kan.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ̀-òyìnbó wá, ó tọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi èéfín mú un so ní erékùṣù Azores, wọ́n sì ń fín máńgòrò ní Philippines kó lè yọ òdòdó. Ní 1932 ni wọ́n fi hàn ní Puerto Rico pé gáàsì etílíìnì inú èéfín ló ń ṣe é. Ìyẹn náà, èéfín tí èèyàn wọ̀n ni, fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀, lórí igi tí ara ẹ̀ le.

* * *

"Iná ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, igbó mọ bó ṣe ń bá a gbé." Mo ti ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lónìí. Igbó wo? Fynbos mọ̀ ọ́n. Igbó kìjikìji tí ọ̀rinrin ẹ̀ kì í tán kò mọ̀ ọ́n. Iná tó tọ́ sí igbó kan, ó ní ìgbà tó ń wá àti ìgbà tó ń lọ. Ní 2023, ju mílíọ̀nù 15 hẹ́kítà lọ ló jó ní Kánádà lọ́dún kan ṣoṣo, ní oṣù June èéfín ẹ̀ sọ ọ̀sán New York di àwọ̀ ọsàn. Àwọn igi tó wà lójú ọ̀nà èéfín yẹn ò bá irú ẹ̀ gbé rí.

Ewéko nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Ní Singapore, wọ́n tọ́ kòkòrò labalábá nínú èéfín láti mọ ohun tí èéfín igbó tó ń wá látòkèèrè ń ṣe sí wọn, púpọ̀ sí i ló kú, àwọn tó kù pẹ́ kí wọ́n tó dàgbà, wọ́n sì kéré. Tí labalábá bá dín kù, òdòdó tó ń dúró dè é ńkọ́?

Síbẹ̀ mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ kejì pamọ́. Nígbà tí Ọsirélíà jó láti 2019 wọ 2020, irin inú èéfín ẹ̀ já bọ́ sínú òkun ńlá apá gúúsù, ewéko inú omi kéékèèké sì hù lórí omi tó fẹ̀ ju Ọsirélíà fúnra ẹ̀ lọ. Èéfín pápá ilẹ̀ Áfíríkà ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ bọ́ igbó Amasónì. Nítorí náà èéfín ń gbé ajílẹ̀ lóòótọ́, fún òkun àti fún igbó tó fẹ̀ bí ilẹ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ní díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó lè bọ́ sínú ìkòkò kan láàárín ọjọ́ 11 ò tó nǹkan kan, ìyà tó ń jẹ ewé sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá: èéfín ti ń fúyẹ́ láti àná, ewé tuntun méjì ti yọ lórí mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọn ò ká, àmọ́ gbogbo òdòdó ti gbọ̀n dànù. Ó ní ṣé kóun wá fún un ní ajílẹ̀ báyìí.

Ẹ ṣe sùúrù fún bí ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ sí i. Ewé tuntun yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá fẹ̀ dáadáa, tó dúdú, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fún un ní ìdajì ohun tẹ́ ẹ máa ń fún un tẹ́lẹ̀. Òdòdó tó gbọ̀n ò ní padà, òmíràn á yọ. Ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbẹ kanrangandan, ẹ lè gé e báyìí, èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé lára, ẹ fi sílẹ̀. Ìkòkò kẹrin tí kò tíì yọ nǹkan kan, ẹ fi èékánná ha ìdí igi ẹ̀ díẹ̀, tí abẹ́ ẹ̀ bá tutù tó ní àwọ̀ ewé, kò tíì kú.

Tẹ́ ẹ bá sì ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ yí ewé padà kẹ́ ẹ fọ abẹ́ ẹ̀ náà, torí abẹ́ yẹn ló ti ń mí.